Wàláà Inú Aṣọ Àdìrẹ

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ aṣọ àtijọ́ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sú yín, nítorí aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ ìyá kan náà, ó sì kọ́ èmi tí mò ń pe ara mi ní akọ̀wé ní ẹ̀kọ́ kan tí n kò rí kọ́ ní ilé-ìwé girama.

Nígbà tí ìyá ìyá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, fi ayé sílẹ̀, a ṣí àpótí rẹ̀ láti pín ohun tí ó wà níbẹ̀. Kò sí wúrà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé ilẹ̀. Ìró márùn-ún ni a bá, ìborùn méjì, ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀, àti aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí a fi bébà wé, tí òórùn káńfọ̀ ti mú lára. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ìyá Àgbà fi ya àdìrẹ náà nígbà tí agbára ṣì wà lápá rẹ̀, nítorí iṣẹ́ aládìrẹ ni ó ṣe ní Ìbàdàn láti kékeré, iṣẹ́ náà ni ó sì fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìnáwó òkú tí oníṣòwò kan, tí ń ra aṣọ àtijọ́ fún àwọn ará òkè òkun, gbọ́ ìròyìn aṣọ náà tí ó sì tọ̀ wá wá. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dá iye kan tí ó tó owó oṣù mi méjì. Inú àwọn àbúrò mi dùn. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ka owó lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ bọ́ sí igun aṣọ náà kan, ó dáwọ́ dúró, ó ní: "Ìyá yín ṣe àṣìṣe níbí o. Ẹ dín in fún mi, tàbí kí ẹ jẹ́ kí n gé etí ibí yìí kúrò." Ọ̀kan nínú wa ní kí ó gé e. Ọ̀bẹ ti fẹ́ kan aṣọ nígbà tí mo ní kí wọ́n dúró ná. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ó kàn dùn mí ni pé kí a máa pe Ìyá Àgbà ní aláṣìṣe, lẹ́yìn ikú rẹ̀, lórí iṣẹ́ tí ó mọ̀ jù lọ láyé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí aṣọ náà ti rí fún yín. Abala méjì ni, a rán wọn pọ̀ di ìró kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe àdìrẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó ọ̀pá méjì ààbọ̀. A pín gbogbo rẹ̀ sí ojú kéékèèké onígun mẹ́rin. Pẹ́pẹ́yẹ wà nínú òmíràn, ewé ẹ̀gẹ́ wà nínú òmíràn, ọ̀gà wà níbẹ̀, ìràwọ̀ wà níbẹ̀, ṣíbí pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ojú tí ó wà ní ìkángun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Wàláà mẹ́rin ni Ìyá Àgbà yà sínú rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn pé pérépéré: pátákó gbọọrọ, ọwọ́ kúkúrú tí a ó fi dì í mú, àti àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń ré kọjá ara wọn nínú rẹ̀ bí àwọ̀n. Ẹ̀kẹrin ni oníṣòwò rí. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan ara pátákó. Àyè tí ó tó ìbú ìka kan wà láàárín wọn. Inú rẹ̀ pàápàá ṣófo, àfi ilà kan ṣoṣo tí ó dúró ṣánṣán bí òpó.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí má mọ ohun tí à ń pè ní wàláà. Pátákó tí ọmọ ilé kéú fi ń kọ́ ìwé ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà a gbẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ, a sì yọ ọwọ́ sí i lára igi kan náà. Àfáà a ti kálámù bọ inú tàdáwà, a kọ lẹ́tà sójú pátákó, ọmọ a sì jókòó sórí ẹní, a máa ké e lóhùn rara pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi há a sórí. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n tán, a fi omi fọ ojú wàláà mọ́, a tún kọ ẹ̀kọ́ mìíràn sí i. Omi tí a fi fọ̀ ọ́ kì í ṣe omi tí a ń dà síbi ẹlẹ́gbin. Àwọn mìíràn a máa mu ún, nítorí ọ̀rọ̀ mímọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Àwa tí a lọ sí ilé-ìwé ìjọ ní síléètì tiwa. Àwa kò ní ọ̀wọ̀ púpọ̀ fún un. Itọ́ ni a fi ń nù ún nígbà tí olùkọ́ kò bá wò wá. Ṣùgbọ́n bí wàláà ti jẹ́ fún ọmọ kéú ni síléètì jẹ́ fún wa: ohun ìní àkọ́kọ́ tí ọmọdé lè pè ní tirẹ̀, tí àgbà kan kò sì lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láìnídìí.

Báwo wá ni wàláà ṣe dé orí aṣọ obìnrin? Àwọn aládìrẹ wa sábà máa ń ya ohun tí ojú wọn bá rí. A ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ní ọdún 1929, àwọn òpó rẹ̀ sì wà títí di òní nínú àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàn Dùn, tí ṣíbí sì wà láàárín òpó kan sí èkejì. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935, àwòrán òun àti olorì rẹ̀ Mary di àdìrẹ tí a sọ ní Olóba. Ọba òyìnbó àti ṣíbí ọbẹ̀, ọ̀kan kò ga ju èkejì lọ lójú obìnrin tí ó mú ìyẹ́ adìyẹ lọ́wọ́. Ohun tí ó bá wà nínú ìlú, tí ó bá sì wọ̀ ọ́ lójú, aṣọ ni ibùgbé rẹ̀.

Bí a ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín, ṣùgbọ́n mo ní láti mẹ́nu kàn án, nítorí yóò wúlò fún wa níwájú. Láfún ni a ó sè pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ. Obìnrin a wá fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan tọ́ ọ sí ojú kan aṣọ funfun, láìwo ìwé, láìfi ohunkóhun díwọ̀n. Ní Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ a máa lo páànù tí àwọn ọkùnrin ti gé ihò àwòrán sí, wọn a sì fi ẹ̀kọ ra ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yíyà ni àwọn obìnrin Ìbàdàn fi lókìkí. Nígbà tí ẹ̀kọ bá gbẹ, aṣọ di ti aláró. Ewé ẹ̀lú tí a ti gún, tí a sì ti sá gbẹ, ni a fi omi eérú rẹ sínú ìkòkò aró. A ó ri aṣọ bọ̀ ọ́, a ó yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a ó tún rì í, títí yóò fi dúdú bí a ti fẹ́. Nígbẹ̀yìn, a ó ha ẹ̀kọ náà kúrò, a ó sì fọ̀ ọ́ nù. Ibi tí ẹ̀kọ ti bò ni aró kò dé. Ẹ̀kọ lọ, àwòrán kù.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí wàláà tí ọwọ́ rẹ̀ já. Mo bẹ oníṣòwò pé kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì gbé aṣọ náà kiri láti wá ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ fi hàn ni ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ó ní ẹ̀ṣọ́ lásán ni, pé ilẹ̀ ti ṣú bá ìyá náà ni ó fi sáré parí iṣẹ́. Mo dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, níbi tí òkìtì àdìrẹ wà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Obìnrin àgbàlagbà kan tí ń tajà níbẹ̀ wo aṣọ náà, ó ní, "Wàláà ni, ọmọ mi. Àwọn aládìrẹ a máa yà á. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tí ó kán rí. Ìyá rẹ nìkan ni ó lè sọ ohun tí ó fi ṣe." Mo sọ fún un pé ìyá ti kú. Ó mi orí, ó dá aṣọ padà fún mi, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ mi. Nígbà tí n kò rí ẹni sọ fún mi, mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo fa ìwé àkọsílẹ̀ yọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra mi túmọ̀ rẹ̀. Mo ní pátákó ni ìmọ̀, ọwọ́ sì ni ìṣe. Bí ọwọ́ bá já kúrò lára pátákó, ìmọ̀ ti ya ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìṣe nìyẹn. Mo ní ilà tí ó dá dúró ni ènìyàn tí ó dá nìkan wà láyé. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta gbáko. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo kà á sí ara mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Ìtumọ̀ náà dára gan-an ni. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí òtítọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ìyàwó mi ni ó rán mi létí ohun tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Ó ní, "Bàbá Alájì ń bẹ láyé, ẹ sì ń lọ sí Abẹ́òkúta." Òótọ́ ni. Àbúrò Ìyá Àgbà kan ṣoṣo tí ó kù wà ní agbo ilé wọn, nítòsí Ọjà Ọba, ní Ìbàdàn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ jí pépé. Mo lọ bá a ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Mo dọ̀bálẹ̀, ó súre fún mi, ó béèrè ìyàwó àti ọmọ, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ aṣọ sí orí itan rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ pa á lára láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó tó wò ó. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé igun náà, ó dúró síbẹ̀. Ó béèrè pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní a fẹ́ tà á ni, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rà á ní àṣìṣe wà nínú rẹ̀.

"Ta ni ó ní àṣìṣe ni?"

"Oníṣòwò náà ni, Bàbá."

"Ìwọ ńkọ́, akọ̀wé? Kí ni ìwọ rí níbẹ̀?"

Ojú ìwé mẹ́ta mi wà nínú àpò mi, ṣùgbọ́n ẹnu kò gbà mí láti mú un jáde. Mo ní, "Wàláà tí ọwọ́ rẹ̀ já ni mo rí, Bàbá, àti ilà kan."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ìwé tí o kà, ilà kan ni o rí. Álífù nìyẹn."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo tún aṣọ náà wò. Álífù ni lóòótọ́, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ìwé kéú, tí ó dúró ṣánṣán bí ọmọdé kéú ti í kọ́kọ́ kọ ọ́. Èmi tí mo kàwé kò lè kà á. Ìyá Àgbà, tí gbogbo wa ń sọ fún àlejò pé kò mọ̀wé, ni ó kọ ọ́.

Bàbá Alájì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, n kò sì já lu ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohun tí ó sọ nìyí. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun nígbà tí wọ́n fi òun sí ilé kéú. Ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, èyíinì Ìyá Àgbà, tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí ó ronú láti fi í síbẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú àbúrò rẹ̀ lọ láràárọ̀, kí ó sì bá a ru wàláà, nítorí ó wúwo fún ọmọdé. Bí àbúrò bá ti wọlé, òun a jókòó sí abẹ́ ògiri lóde títí wọn yóò fi ṣíwọ́. Ohun tí àwọn ọmọ bá ń ké nínú ilé, òun náà a máa ké e lóde pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Lójú ọ̀nà ilé, bí ẹ̀kọ́ bá sọnù lórí àbúrò, ẹ̀gbọ́n ni í rán an létí.

"Ní ọjọ́ kan," Bàbá ní, "a lọ fọ wàláà lódò. Ó bẹ̀ mí pé kí n fi bí a ti ń kọ ọ́ han òun. Mo kọ álífù kan. Ó gba kálámù lọ́wọ́ mi, ó kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Tirẹ̀ tọ́ ju tèmi lọ. Inú bí mi. Mo ní kí ó dá wàláà mi padà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fà á, òun náà fà á, ọwọ́ wàláà sì kán.

"Nígbà tí a délé, bàbá wa béèrè ẹni tí ó kán an. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n nà án. Wọ́n bi í pé kí ni ọmọbìnrin ń fi wàláà ṣe. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá wa tí ń ya àdìrẹ, pé kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi ìṣó kan ọwọ́ wàláà mi padà. Òun ni mo fi parí Kùránì. Wọ́n pa àgbò fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi sè, ó sì bù fún àlejò."

Mo bi í léèrè bóyá Ìyá Àgbà tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà rí. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwọn méjèèjì ti ní ọmọ nígbà náà. Ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bá a níbi tí ó ti ń ya aṣọ, ó sì rí wàláà kíkán náà nínú ìkángun rẹ̀. Ó bi í pé kí ni èyí. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí n má baà gbàgbé ilé-ìwé mi ni." Ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé irọ́ ni mo pa," Bàbá ní. "Èmi náà kò sì sọ ọ́ títí di òní tí o tẹ́ aṣọ yìí sí itan mi."

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo kàn jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń padà wá sí ọkàn mi. Ní oṣù January ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọkùnrin àti obìnrin fi lè wọlé láìsan owó. Ìyá Àgbà ti di ìyàwó nígbà náà. Ìlẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn tí ó ti kọjá níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rán ìyá mi lọ, ó fi owó àdìrẹ ra aṣọ àti ìwé fún un, ìyá mi sì di olùkọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, tí èmi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ní ilé-ìwé girama, owó àdìrẹ kan náà ni ó san owó ilé-ìwé mi fún ọdún kan. Nígbà tí mo bá mú ìwé èsì ìdánwò mi wá fún un, kì í béèrè ipò tí mo wà. Yóò fi ìka lé lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ mi, yóò ní, "Èyí ńkọ́, kí ni wọ́n ń pè é?" Mo rò pé eré ni ó ń bá mi ṣe. Mo máa ń dá a lóhùn ní kánkán, n ó sì sá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ wo bí yóò ti rọrùn fún mi tó láti jókòó tì í fún wákàtí kan, kí n kọ́ ọ ní A, kí n kọ́ ọ ní B, kí n kọ́ ọ ní D! N kò ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Bàbá Alájì nígbà tí ó fa wàláà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ti lé ní mẹ́tàlá.

Mo tún ronú lórí iṣẹ́ tí wọ́n fi í sí. Wàláà ni pátákó tí a ń fọ̀ kí ẹ̀kọ́ lè kù sórí ọmọ. Àdìrẹ ni aṣọ tí a ń fọ̀ kí àwòrán lè kù sójú rẹ̀. Wọ́n gba pátákó lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, wọ́n fún un ní aṣọ, ó sì rí ibi kọ álífù rẹ̀ sí, níbi tí omi kò lè fọ̀ ọ́ nù.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé gbogbo wàláà tí ó wà nínú àdìrẹ ní irú ìtàn yìí. Púpọ̀ nínú wọn, wàláà lásán ni, tí aládìrẹ yà nítorí pé ó rí i, tí ó sì wù ú. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwòrán kì í là ẹnu sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ gíga ti sa ipá wọn: ní ọdún 1971 ni a tẹ ìwé kan jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí àdìrẹ, lábẹ́ àbójútó Jane Barbour àti Doig Simmonds, tí ó to orúkọ ọ̀pọ̀ àwòrán wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn àdìrẹ wa wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyáàfin Nike Okundaye dá ilé kan sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983 tí ọ̀pọ̀ ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yìí, kí ó má baà parẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìwé lè sọ fún wa pé wàláà ni à ń pe àwòrán kan. Kò lè sọ ẹni tí ó kán wàláà ti ilé wa. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n láyé, ẹni náà sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Bákan náà ni ti aṣọ ẹ̀rọ tí ó kún ọjà, tí a tẹ̀ ní òkè òkun pẹ̀lú àwòrán àdìrẹ lára rẹ̀. N kò bá ẹni tí ó rà á wí, nítorí owó kò dọ́gba lápò. Ẹ̀rọ pàápàá lè da wàláà kíkán kọ bí a bá fi hàn án. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a ó lọ bá ní ìdí ẹ̀rọ láti bi í léèrè pé, "Ìyá, kí ni èyí?"

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ aṣọ náà ti parí. A kò tà á. Oníṣòwò padà wá, ó ní òun yóò ra á bí ó ti wà láìgé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. N kò ní purọ́ pé gbogbo wa ni inú wa dùn. Méjì nínú àwọn àbúrò mi ṣì ń sọ pé èmi tí mò ń gba owó oṣù lè sọ̀rọ̀ ìtàn, ebi ni ó ń pa àwọn. N kò bá wọn jà; òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, mo sì ti ń san díẹ̀díẹ̀ fún wọn nínú owó tí wọn ìbá gbà. Bàbá Alájì ní ẹ̀bẹ̀ kan péré. Ó ní ọmọ ọmọ òun kan, obìnrin, yóò parí Kùránì láìpẹ́, pé kí a jẹ́ kí ó ró aṣọ náà ní ọjọ́ wólímọ̀ rẹ̀. A gbà fún un tọwọ́tẹsẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Bí aṣọ àtijọ́ bá wà nínú àpótí ìyá yín, tí ìyá náà sì wà láyé, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ ìpín ẹrù. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí ó yà á, ìlú tí wọ́n ti rẹ ẹ́, àti ìdí tí ohun kan fi wà níbẹ̀ tí kò jọ àwọn yòókù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún. Bí ẹ bá sì rí ohun tí ó jọ àṣìṣe, ẹ fi ọ̀bẹ sínú àkọ̀ ná. Bí ìyá náà bá tún fi ìka lé lẹ́tà kan nínú ìwé yín, tí wọ́n bi yín pé kí ni wọ́n ń pè é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó.

Abèèrè kì í ṣìnà. Èmi pẹ́ kí n tó béèrè, àánú Ọlọ́run ni mo fi bá ẹni tí yóò dá mi lóhùn.

Ó dìgbà kan ná.